Ìnàkí Tí Mo Ń Rí fún Màmá Àgbà

Ọdún tí Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wá tọ́jú ojú ní Kaduna, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mi ò sì lè sọ gbólóhùn Yorùbá kan parí kí Haúsá má bọ́ sí i láàárín. Badarawa là ń gbé nígbà náà. Haúsá ni onílé wa. Òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé iwájú ilé, àwa ń gbé ẹ̀yìn, àgbàlá kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò. Ìyàwó onílé, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Hajiya, ló máa ń pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ bí ìyá mi bá lọ ra ọjà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bàbá mi jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ Ọ̀yọ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ìyá mi jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lójú títì níbi tó ti ń ta ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ àti kẹrosíìnì. Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń bá mi sọ, Haúsá ni mo fi ń dá wọn lóhùn, kò sì sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan títí Màmá Àgbà fi dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé. Ìyá mi ti lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Kawo, wọ́n sì wọ takisí wá sílé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo obìnrin gíga kan tó gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá mi, tó ń fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀ kó tó gbé èkejì. Awọ funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan rí nígbà tí mo kéré gan-an, ṣùgbọ́n mi ò rántí.

"Sannu da zuwa, Mama," mo kí i káàbọ̀ ní Haúsá.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Mo rò ó pé kò rí mi, mo bá dúró gbagidi. Màmá Àgbà na ọwọ́ síwájú láti wá orí mi nísàlẹ̀, níbi tó yẹ kí orí ọmọ tó kúnlẹ̀ wà. Nígbà tí kò bá a, ó gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan etí mi.

"Ọmọ yìí mà ga o," ni ó wí. "Àbí ó dúró kí mi ni?"

Ìyá mi wò mí. Ìtìjú mú mi, mo sì kúnlẹ̀. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde.

"Ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni?" ni ó bi ìyá mi.

"Ó ń gbọ́, mà. Kò kàn fẹ́ẹ́ máa sọ ọ́ ni."

Màmá Àgbà mi orí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ lè mú kó padà ríran, pé kò tilẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ju bó ṣe yẹ lọ. Àfi kó máa lo oògùn títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Nígbà tó padà lọ, wọ́n ní kó tún fi oṣù kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ará ilé wa.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí, bàbá mi wà níbi iṣẹ́, ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni ojúṣe náà já lé léjìká. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, èmi ni màá gbé oúnjẹ fún un, èmi ni màá mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, èmi ni màá jókòó tì í kó má bàa fẹsẹ̀ kọ. Kí n má purọ́, inú mi ò dùn sí i. Ohun tó dùn mí jù ni ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe eré àwòrán kan tí gbogbo ọmọdé àdúgbò wa fẹ́ràn. Ìnàkí kan ni akọni inú rẹ̀, ìnàkí tó tóbi kọjá àfẹnusọ. Erékùṣù ló ń gbé, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan àti bàbá àgbà ọmọ náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títan iná tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ ọ̀nà. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, ọmọbìnrin náà á fọn fèrè, ìnàkí á sì yọ láti inú igbó. Ó máa ń gbá omi òkun jọ fi pa iná. Ó máa ń gbé ọkọ̀ tó fẹ́ rì. Ọkùnrin tínrín kan sì wà tó ń lé e kiri nínú ọkọ̀ òfuurufú, tó fẹ́ mú un lọ fi hàn ní ìlú ńlá kí ó lè fi gba owó lọ́wọ́ òǹwòran. Ìdílé onílé ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Hajiya, ti máa ń wò ó, tí a óò na ara sórí ẹní. Tiwa kéré, dúdú àti funfun nìkan ló ń gbé jáde, ohun tí a fi ń yí i ti bọ́, púláyà ni a fi ń yí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi Màmá Àgbà sílẹ̀ lóun nìkan. Nítorí náà, Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, tiwa ni mo tàn, mo jókòó sílẹ̀, mo wú ẹnu.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìnàkí ké. Màmá Àgbà ta gìrì lórí àga.

"Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Biri ne," mo dáhùn, ojú mi ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Kí ni bírì?"

Mo ronú. "Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ńlá kan."

"Ó ní ìrù?"

Mo wò ó dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti ń wò ó, mi ò tíì wo ìdí rẹ̀ bóyá ìrù wà níbẹ̀. "Kò ní."

"Ìnàkí nìyẹn. Ọ̀bọ ní ìrù, ìnàkí ò ní. Kí ló dé tí ìnàkí fi ń ké?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé afárá kan ti já, pé ọkọ̀ ojú irin sì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, Haúsá wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, Yorùbá ò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì lọ.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni ó wí. "Rọra. Mú un lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Afárá ti ṣubú."

"Afárá kì í ṣubú. Ènìyàn ló ń ṣubú. Ilé a máa wó, èso a máa já bọ́, ìkòkò a máa fọ́, igi a máa ṣẹ́. Kí ni afárá ṣe?"

"Ó já?"

"Ó já. Ó dáa. Kí ló wá dé?"

"Tírénì ń bọ̀."

"Ènìyàn wà nínú rẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀."

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé àyà. "Olúwa, ṣàánú. Kí ni ìnàkí ń ṣe báyìí?"

Mo yíjú padà wò ó. Ojú rẹ̀ ò kọ sí tẹlifíṣọ̀n, èmi ni ó kọjú sí, ó sì ń dúró. Kò sí àgbàlagbà kankan tó ti dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé ìnàkí ti wọ inú odò, pé ó ti gbé afárá lé ẹ̀yìn. Ó bi mí bóyá ẹ̀yìn ni àbí èjìká. Mo ní ẹ̀yìn. Ó bi mí bóyá ó dúró ni àbí ó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá tán, èmi àti òun jọ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ rán mi létí pé ọ̀la ni Sátidé.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Bàbá mi á ti kírun Alásàrí tán, á ti jáde lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ungwan Shanu. Màá gbé àga Màmá Àgbà súnmọ́ fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Màá fún un ní ẹ̀pà, ó máa ń fi ọwọ́ bó o, á sì máa fún mi ní ìdajì. Lẹ́yìn náà màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mò ń rí. Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Nígbà tí mo ní ìnàkí gbé ọmọbìnrin náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó pọ̀n ọ́n ni, tàbí ó gbé e kọ́rùn, tàbí ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí mo ní ó bínú, ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀? Kí ni ojú rẹ̀ ṣe?" Mo ní imú rẹ̀ fẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ó ní, "Ìbínú àgbà nìyẹn. Ìbínú ọmọdé a máa la ẹnu."

Ìwọ̀n rẹ̀ ló dà wá láàmú jù. Mo ní ó tóbi ju ilé lọ.

"Ilé wo? Ilé alájà àbí irú èyí?"

"Irú èyí."

"Tó bá dúró sí àgbàlá wa, ibo lára rẹ̀ ni páànù máa dé?"

Mo jáde lọ sí àgbàlá, mo wo òrùlé, mo padà wọlé. "Orúnkún," mo wí.

Ó ń fojú inú wo ìnàkí náà tó dúró láàárín okùn aṣọ Hajiya. "Ó mà ga o," ni ó wí. "Kí ló ń jẹ?"

Mi ò mọ ohun tó ń jẹ. Eré náà ò sọ ọ́ rí. Màmá Àgbà ní kò burú, pé ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, inú igbó rẹ̀ náà ni yóò ti rí oúnjẹ, Ọlọ́run kì í dá ẹnu kó má dá ohun tí yóò jẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní ọkọ òun. Bí ọ̀sán Sátidé bá tó, á ní, "Ọkọ mi ò tíì dé?" Ìyá mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ̀ ń dà á láàmú.

Hajiya náà máa ń yà wá kí Màmá Àgbà. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fi Haúsá béèrè bí ara rẹ̀ ti rí, á ní, "Mama, yaya jiki?" Màmá Àgbà tí mo ti kọ́ ní ohun tó yẹ kó fi dáhùn á ní, "Da sauƙi," pé ó ti ń sàn, á sì fi kún un pé, "Ọlọ́run á tọ́jú ọ, ọmọ mi." Hajiya á dáhùn ní "Amin" láì bèèrè ìtumọ̀. Nígbà tó ṣe, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹranko inú eré náà ní "ìnàkí" bíi tèmi, orúkọ náà sì tàn ká láàárín àwọn ọmọ Haúsá tó wà ládùúgbò wa. Mo rò pé àwọn kan nínú wọn ṣì rò pé orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìgbà kan wà tí wọ́n mú iná lọ ní àárín eré. Ọkùnrin tínrín yẹn ti fi àwọ̀n irin mú ìnàkí, ó ti so ó mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà sì ti ń lọ. Ọmọbìnrin náà fọn fèrè títí, kò sí ẹni tó jáde. Ibi tí iná ti lọ gan-an nìyẹn. Fáànù dúró. Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ onílé bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú ilé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ń wò ó lọ.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?" ni Màmá Àgbà wí.

Mo fẹ́ sọ fún un pé iná ti lọ. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní ẹyẹ kan wà ní erékùṣù náà tí ìnàkí ti bá yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rí. Mo ní ẹyẹ náà gbọ́ fèrè. Mo ní ó pe gbogbo ẹyẹ inú igbó jọ, wọ́n fò lé ọkọ̀ náà bá, wọ́n fi ẹnu ṣá àwọ̀n náà títí ó fi já.

"Àwọ̀n irin ni o ní?"

Ẹnu mi kọ́ díẹ̀. "Irin ni. Ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún."

"Omi òkun ni," ni ó wí, ó mi orí. "Omi iyọ̀ a máa jẹ irin."

Mo bá a lọ. Mo kó àwọn ẹyẹ náà padà sílé, mo jẹ́ kí ìnàkí wẹ̀ nínú omi, mo fi ọkùnrin tínrín yẹn sílẹ̀ lórí àpáta kan láìní bàtà. Mo ti sọ tó wákàtí kan kí n tó dákẹ́. Òógùn bò mí.

Màmá Àgbà bó ẹ̀pà kan, ó fi í sí mi lọ́wọ́. "Fáànù ti dúró láti ìgbà tí wọ́n ti so ó mọ́ ọkọ̀," ni ó wí. "Ohùn rẹ nìkan ni mò ń gbọ́."

Mo ń retí ìbáwí. Nílé wa, irọ́ pípa kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ojú fo.

"Èyí tí o sọ yìí dára," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ẹ́ sọ ti inú ara rẹ, máa sọ fún mi kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ríran, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fún un ló gbé ẹsẹ̀ lé. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ti dàgbà báyìí, ìwé ni mò ń kọ jẹun, kò sì sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ohun tó ju èyí lọ nípa iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Ojú kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Ọlidé la wà, ìyá mi bá mú mi dání. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ní kí ìyá mi lọ ra àwọn oògùn kan níta, ó sì fi èmi àti Màmá Àgbà sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Kò tíì padà dé nígbà tí nọ́ọ̀sì kan jáde wá pè wá. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó lè jẹ́ ará gúúsù Kaduna, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ.

"Ta ló máa ń bá a sọ̀rọ̀?" ni ó bi mí ní Haúsá.

"Èmi ni," mo dáhùn.

Ó jókòó tì wá. Ó ṣàlàyé pé wọn ò ní mú un sùn, pé ojú nìkan ni wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ pa kó má bàa mọ ìrora. Ojú rẹ̀ á wà lábẹ́ aṣọ. Kò gbọ́dọ̀ yí orí, kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Tó bá fẹ́ wúkọ́, kó kọ́kọ́ sọ. Mo yí i sí Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Àgbà bi í bóyá òun lè máa gbàdúrà. Mo yí ìyẹn sí Haúsá. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa gbà á sínú. Mo yí ìyẹn náà padà. Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà, mò ń gba ọ̀rọ̀ níhìn-ín, mò ń gbé e fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún, kò sì sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni, màá ti jókòó síbẹ̀ bí odi.

Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ kí n kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí òun máa lò nínú yàrá, nítorí wọn ò lè jẹ́ kí n wọlé. Mo kọ́ ọ ní "ẹ wo ilẹ̀," mo kọ́ ọ ní "ẹ má mì," mo sì kọ́ ọ ní "ó ti parí." Ó kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ó ń pè é lẹ́nu bó ṣe ń ti Màmá Àgbà wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

A dúró. Ìyá mi padà dé, ó jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò fa etí gèlè rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá Àgbà jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni pé, "Ọmọ mi dà?"

"Mo wà ńbí, mà."

"Kí lo kọ́ obìnrin yẹn? Ó ń sọ fún mi pé kí n má mí. Mo gbìyànjú. Nígbà tí àyà mi fẹ́ bẹ́, mo sọ fún Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, mo mí."

Nọ́ọ̀sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ̀ pé ohùn òun ló gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Mo rò pé méjèèjì ni.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tú báńdéèjì náà. Màmá Àgbà ṣẹ́jú púpọ̀. Ó wo dókítà, ó wo ìyá mi, ó pẹ́ lórí ìyá mi. Ó ní, "O ti rù." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó sì ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ rà.

"Ìwọ nìyí."

"Èmi ni, mà."

"O jọ ìyá mi," ni ó wí. Ó fà mí mọ́ra. Ìyá mi jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì gbọ́ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí kan obìnrin tó ń gbálẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ ló rìn wá sí pálọ̀. Ó gbé àga rẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Orí mi wú bí ti ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ han àwọn ará ilé. Eré bẹ̀rẹ̀, ìnàkí yọ láti inú igbó, ó lu àyà.

Màmá Àgbà tẹ orí síwájú. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Èyí tí kò ju ọwọ́ lọ yìí?"

Mo ṣàlàyé pé tẹlifíṣọ̀n ló kéré, pé nínú eré ó tóbi. Ó ní ó ye òun. Ó tún wò ó díẹ̀. Ìlà funfun ń gba orí àwòrán náà kọjá, bó ṣe máa ń ṣe. Ìnàkí gbé òkúta, ó sọ ọ́. Mi ò sọ nǹkan kan, nítorí mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí.

Màmá Àgbà fara ti àga, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí wọn ò tíì ṣe.

"Tìrẹ ló tóbi," ni ó wí. "Máa sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní Sátidé yẹn, mo sì ń sọ ọ́ lọ títí wọ́n fi ṣe ojú kejì, títí ó fi di àsìkò òjò tí ó ní òun ń lọ sílé torí oko. Ọjọ́ tó ń lọ, Hajiya dìde láàárọ̀ kùtù, ó kó kúlíkúlí àti aṣọ àdìpọ̀ kan wá fún un. Màmá Àgbà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní kí n sọ fún un pé òun dúpẹ́ ẹ̀yìn tó fi pọ̀n mí. Mo sọ ọ́ ní Haúsá.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi dá eré náà dúró. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀. Nǹkan mìíràn, ìdíje ìmọ̀ láàárín àwọn ilé ìwé, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà náà, mi ò sì mọ ìpẹ̀kun rẹ̀. Nígbà tí mo lọ ṣe ọlidé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún kejì, àwọn ọmọ àgbólé yí mi ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìnàkí kan wà ní Kaduna tí orúnkún rẹ̀ dé òrùlé, àti pé bóyá ó máa ń bá ènìyàn jà. Mo wo Màmá Àgbà tó jókòó tó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Mo ní, "Kì í bá ènìyàn jà." Wọ́n ní kí n jókòó, kí n sọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ríran kó tó fi ayé sílẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tí mi ò mọ ojú rẹ̀ mọ́, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó kọ Yorùbá sórí bébà, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jókòó ní ìlú òkèèrè tí wọ́n ya ẹranko náà láìmọ ibi tí ó ń lọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó gbà kí n jókòó ti ìyá rẹ̀ nígbà tó lè ní kí n wá ràn án lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, èmi àti Màmá Àgbà ń kọ lẹ́tà sí ara wa. Ilé ìwé alẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ìwé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi, ó sì dúró ṣánṣán. Ilé ìwé mi ní Kaduna ò ní olùkọ́ Yorùbá, nítorí náà bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́, láìfi àmì ohùn sí i. Ní ọjọ́ kan mo gba àpò ìwé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ṣí i, mo sì bá lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ sí i nínú oṣù tó kọjá. Ó ti fi bírò pupa fi àmì ohùn sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọ̀kan kò ṣẹ́kù. Nísàlẹ̀ ó kọ gbólóhùn kan péré: "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n fi fìlà dé e kó tó jáde."